Ìdọ̀bálẹ̀ Súnkànmí ní Alexandra

Ọdún tí òjò kọ̀ ní Johannesburg, tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́bà omi fọ mọ́tò mọ́, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ wa báyìí, ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì wà nígbà náà. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi máa ń pariwo pé kí a gbọ́ ti lọ́yà kí a tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dáa, mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín, mi ò sì ní yọ ìwà òmùgọ̀ tí èmi fúnra mi hù kúrò níbẹ̀.

Kí n tó dé orílẹ̀-èdè yìí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, mo sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń kó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jáde. Mo ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ rí, mo ti sùn sẹ́nu géètì ọsibítù, ọlọ́pàá sì ti fi tíágáàsì lé mi wọ inú gọ́tà. Nítorí náà, nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Mayfair, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, mo rò pé kò sí ìjà tí mi ò mọ bí a ṣe ń jà á. Ìgbéraga yẹn ló kó bá mi.

Súnkànmí, ọmọ Iléṣà, ló ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin méjì já fóònù gbà lórí káńtà rẹ̀, wọ́n sá, ó sì lé wọn, ó ń ké olè. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà ní òdìkejì yọ ìbọn, ó sì yìn ín sáàárín èrò. Kò ba olè. Obìnrin kan tó dúró létí rọ́bọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, tó ń retí tákísì tí yóò gbé e lọ sílé, ló bà.

Thandeka ni orúkọ rẹ̀. Alexandra, àdúgbò àwọn tálákà, ló ń gbé. Ó wá ra ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ìró ìbọn ló gbé mi jáde. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Súnkànmí ti padà lẹ́yìn àwọn olè, ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ti fi di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Obìnrin náà ń bá Súnkànmí sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́ dáadáa. Ó kú kí ọkọ̀ ọsibítù tó dé, kò sì jọ̀wọ́ ọ̀rá tí ṣẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀ṣọ́ náà sọ fún ọlọ́pàá ni pé Súnkànmí ló fa òun lọ́wọ́ nígbà tí òun ń dójú sọ olè, ìdí nìyẹn tí ìbọn fi dún síbòmíràn. Ọlọ́pàá wo ọkùnrin tí kò wọ ẹ̀wù, tí ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo ara rẹ̀, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò jọ tiwọn, wọ́n sì kó àwọn méjèèjì. Nígbà tí yóò fi di Mọ́ńdè, ilé-iṣẹ́ tó gba ẹ̀ṣọ́ náà síṣẹ́ ti gba lọ́yà ńlá kan láti Sandton, àdúgbò àwọn olówó. Lọ́yà náà ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé àjòjì kan ló fa ikú arábìnrin wọn. Wọ́n gba béèlì ẹ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Súnkànmí tiwa lò ní àtìmọ́lé.

Inú bí àwọn ará Alexandra, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ọmọ wọn kú láìmọwọ́ láìmẹsẹ̀. Wọ́n ń wọ́de lójoojúmọ́, oríṣi páálí méjì ni wọ́n sì ń gbé. Ọ̀kan ní kí ilé-iṣẹ́ náà wá jẹ́jọ́. Èkejì ní kí àwọn àjòjì máa lọ sílé wọn. Ẹ̀rù páálí kejì yìí ni kò jẹ́ kí a fojú kan oorun. Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ ní Mayfair ní Tọ́sìdeè. Nígbà tí Tọ́sìdeè kọjá, wọ́n ní ó di Sátidé. Àbọ̀ ilẹ̀kùn la máa ń ṣí. Tí tákísì kan bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, gbogbo wa á dìde dúró.

A ṣèpàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Alága wa, Alàgbà Fálọlá, àkáńtáǹtì tó ń ṣiṣẹ́ ní Sandton, ní kí a fara balẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ jẹ́ẹ́," ló wí. "Let the law take its course."

"Lọ́ọ̀ wo, sà?" ni mo dá a lóhùn. "Èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí wọ́n tó sin òkú? Ẹ̀yin lẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Sandton. Àwa la máa ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ẹ máa ṣọ́ra fún irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lerato, lọ́yà tó ń gbèjà aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, ló gba béèlì Súnkànmí. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Mama Bose, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sílé olóògbé o. Kò tíì yá. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe níbẹ̀, wọ́n máa fi ta ko Súnkànmí ní kọ́ọ̀tù."

Mo ní, "Shap, my dear," bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dáa níbí. Mi ò kúkú gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó sọ. Kí ènìyàn kú sí wa lọ́wọ́, ká má lọ kí ìyá rẹ̀? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ọmọ mi obìnrin gan-an sọ fún mi: "Mummy, the lawyer said no." Mo bi í pé ṣé lọ́yà ló bí mi ni.

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń lọ sí Alexandra, mo kọ́ Súnkànmí ní ohun tí yóò ṣe. "Tí o bá ti wọlé, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí àyà rẹ kan ilẹ̀. Má wulẹ̀ tẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì."

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, ṣé ó máa yé wọn?"

"Ta ni ìdọ̀bálẹ̀ ò yé?" ni mo wí.

Inú àgbàlá kan tí wọ́n fi páànù kọ́ yàrá yí ká ni ìyá Thandeka ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un bí àṣà ọ̀fọ̀ wọn, ó jókòó lé e, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, àwọn obìnrin sì yí i ká. Mo kúnlẹ̀. Súnkànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bẹ́ẹ̀dì náà, ó dojú délẹ̀. Ni mo bá gbọ́ tí fóònù kan dún kẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe máa ń dún tí wọ́n bá fi ya fọ́tò.

"Eish," ni ọkùnrin tó dì í mú wí. "Ó ti jẹ́wọ́."

Ìyá náà wò mí. "Kí ló dé tó fi sùn sílẹ̀? Kí ló ṣe?"

Mo ní àṣà wa ni, mo ní bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mi ń kọlu ara wọn. Súnkànmí ò dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ pé, "Mama, ọmọ yín ní kí n bá òun di àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà mú, kí wọ́n má bàa dọ̀tí." Ìyá náà fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ojú. Àgbà ọkùnrin kan tì wá jáde wéréwéré kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Òkúta kan ba búùtù mọ́tò mi bí a ṣe ń jáde ní géètì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà ti kárí gbogbo ìlú. Àkọlé tí wọ́n fi sí i ni pé apànìyàn ń bẹ̀bẹ̀. Lerato pè mí, kò tilẹ̀ pariwo. Ohun tó sọ kò ju pé, "Mama Bose, mo sọ fún yín, né, àbí mi ò sọ?" Ojú tì mí gan-an.

Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà Sandton gbé fọ́tò náà sókè. Lerato pè mí kí n ṣàlàyé, mo sì ṣàlàyé dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mà, nínú àṣà yín, tí ẹnì kan bá ṣẹ àgbàlagbà, tó sì fẹ́ tọrọ àforíjì, kí ló máa ṣe?"

Mo wo Súnkànmí. Mo ti búra.

"Ó máa dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ ṣeun, mà. Mi ò ní ìbéèrè mìíràn."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìjókòó mi. Ogún ọdún ni mo ti fi ń bá àwọn ọ̀gá jà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ọwọ́ ara mi gbá mi létí bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìyá Thandeka wọlé, òun nìkan, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Mo rò pé àwọn èrò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń wo ojú títì bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Oríṣiríṣi ènìyàn ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi rí nílé ayé," ó ní. "Ojú mi ni wọ́n máa ń wò, bóyá mo ti gbà. Ọmọ yín ò wò mí. Ó sùn síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ mi rán an ló sì ń jẹ́ fún mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tó pa á. Ta ló wà ní ibi tákísì lọ́jọ́ yẹn?"

Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan wà tó máa ń to èrò sórí ìlà, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wa pé òun ò rí nǹkan kan. Bí mo ṣe ń júwe rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Alexandra náà ló ń gbé, àdúgbò wọn kò jìnnà síra. Ó gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà, ó ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, kò bú u, kò sunkún. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin náà tẹ̀ lé e lọ bá Lerato. Ó sọ fún adájọ́ pé nígbà tí ìbọn dún, Súnkànmí ti wà níwájú ẹ̀ṣọ́ náà bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó kọ ẹ̀yìn sí i, kò sì sí ẹni tó fa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Wọ́n dá Súnkànmí sílẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sẹ́wọ̀n. Wọ́n ní kó máa lọ, kó má tún dẹ́ṣẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fún un níbọn láìkọ́ ọ bó ti yẹ ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣàṣìṣe. A wọ́de lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Sandton, àwa àti àwọn ará Alexandra pọ̀, ìyá Thandeka sì wà níwájú. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí páálí kejì tó ń lé àjòjì. Wọ́n gba ìwé tí a fi bi wọ́n pé ta ló máa jẹ́jọ́ ikú Thandeka lẹ́nu géètì, wọn ò dá a lóhùn títí di òní. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì wọ àgbàlá yẹn lọ kí ìyá náà. Ọmọ tí wọ́n ra ṣẹ́ẹ̀tì fún ti dàgbà ju ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ẹ̀yin ni gbèsè ìbéèrè yẹn kù sí lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Tèmi tún wà lọ́tọ̀. Fọ́tò yẹn ò tán lórí fóònù àwọn ènìyàn nítorí pé adájọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń nàka sí Súnkànmí lójú títì, onílé ní kó kó jáde, ó sì pinnu láti padà sílé. Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú. Láàárín àwọn tó tò sórí ìlà pẹ̀lú ẹrù wọn, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ kúnlẹ̀ fún un. Mo ní, "Súnkànmí, forí jì mí. Èmi ni mo ní kí o dọ̀bálẹ̀."

Ó yára dì mí ní ìgùnpá méjèèjì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Wọ́n á yà yín ní fọ́tò."

Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ná, bóyá ẹnì kan di fóònù dání, kí n tó dìde.