Ọjọ́ Tí A Wádìí Yunifásítì Bí Ẹni Wádìí Ọkọ

Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ìyẹn ọjọ́ tí yunifásítì kan pe àwọn òbí wá wo ọgbà wọn. Mutiatu ọmọ mi fẹ́ kọ́ nípa adìẹ sísìn níbẹ̀. Àwòrán ilé wọn tó rí lórí fóònù ti wọ̀ ọ́ lójú.

Àǹtí Sídí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bá wa lọ láti Ẹgbẹ́dá. Àwọn ni wọ́n máa ń wádìí ọkọ fún àwọn ọmọ ilé wa. Bí a ti débẹ̀, Àǹtí kò jẹ́ ká wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ télọ̀ kan lẹ́yìn ọgbà.

"Àǹtí, inú ni wọ́n ti ń retí wa," ni Mutiatu wí.

"Ẹni tó ń wádìí ọkọ, ṣé bàbá ọkọ ló máa bi?"

Télọ̀ ní àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń kí òun dáadáa, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ kí àkùkọ kọ níbẹ̀ rí.

Nínú gbọ̀ngàn, ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ títí. Àǹtí dìde láàárín èrò.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Adìẹ yín dà?"

Mutiatu fi ìborùn bojú. Ọ̀gá náà nawọ́ sí àwòrán adìẹ ńlá kan lára ògiri.

"Èyí kò lè yé ẹyin," ni Àǹtí wí.

"Wọ́n máa dé láìpẹ́, Màmá."

Mutiatu ṣíjú. "Ṣé kí n tó kàwé jáde, sà?"

"À ń gbàdúrà sí i."

Mutiatu dìde, ó gbé báàgì Àǹtí, ó sì ṣáájú wa jáde.

Yunifásítì mìíràn ni Mutiatu wà báyìí. Ilé wọn kò dára, òrùlé kan tilẹ̀ ń jò. Ṣùgbọ́n bí ó bá wálé fún ìsinmi, òórùn adìẹ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, kí òun tó tẹ̀ lé e.