Ẹ̀rọ Wasisto Tó Ń Tọ́ka sí Ẹni Tí Kò Tẹ̀ Ẹ́

Tí ẹ bá dé àdúgbò wa létí odò nílùú Malang tí ẹ béèrè Wasisto, àwọn èèyàn á kàn máa wò yín ni. Ẹ béèrè Ẹnjinníà, kíá ni wọ́n á mú yín délé ẹ̀. Ẹ má sì rò pé oyè iyì ni o. Stọ́ọ̀ lọkùnrin náà ń ṣọ́ nílé iṣẹ́ sìgá, kò sì wọ yunifásítì kankan rí. Adìyẹ ló sọ ọ́ ní Ẹnjinníà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Wasisto fẹ́ràn kó máa ya ọ̀nà iná. Tọ́jọ́ ìsinmi bá dé, àwọn kan ń lọ pẹja, àwọn kan ń gbé ẹyẹ wọn lọ síbi ìdíje orin. Tiẹ̀ ni kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kó máa fa ìlà láti ibí sí ibẹ̀, ọ̀nà tí iná máa gbà kọjá lórí pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Tó bá yà á tán, á lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà dídán, á da ojú bébà délẹ̀ sórí bàbà, á wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ títí yíǹkì á fi lẹ̀. Lẹ́yìn náà, á jù ú sínú abọ́ omi pupa rúsúrúsú kan tó máa ń jẹ gbogbo bàbà tí yíǹkì ò bò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ọ̀nà iná nìyẹn. Á lu ihò sí i, á fi òjé yíyọ́ lẹ àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ ọn, á sì jókòó tì í, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó bímọ tuntun.

Ìyẹn ló fi ṣe iná sílé adìyẹ Bàbá Hendarto, olórí àdúgbò wa. Iná tó máa tàn fúnra ẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú. Iná náà tàn lóòótọ́. Ọ̀sán gangan ló ń tàn. Tílẹ̀ bá ṣú, á kú fin-ín. Orí àwọn adìyẹ dàrú, wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sùn mọ́, wọ́n sì kọ̀, wọn ò yé ẹyin. Látìgbà yẹn lọ́kùnrin ti di Ẹnjinníà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe agogo òjò fún ìyàwó ẹ̀, èyí tó yẹ kó ké kí òjò tó ba aṣọ tí wọ́n sá jẹ́. Òjò rọ̀ títí, agogo dákẹ́. Àkísà tútù tí ìyàwó ẹ̀ fi ń nu tábìlì ló ké fún.

Ìyàwó ẹ̀ yìí, Ìyá Ratri, iṣẹ́ ìlọṣọ ló ń ṣe. Aṣọ oníbàárà kún pálọ̀ débi pé tí àlejò bá wá, ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni ló ń jókòó sí. Yàrá ẹ̀yìn wà tó yẹ kó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tábìlì Wasisto ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà, pẹ̀lú abọ́ omi pupa. Tó bá sì wá di pé kó lọ bébà mọ́ bàbà, áyọ́ọ̀nù wo lẹ rò pé ó ń lò? Èyí tó dáa jù nínú ti ìyàwó ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù yẹn lé ṣẹ́ẹ̀tì funfun olùkọ́ kan. Ìgbà tó máa gbé e kúrò, ìlà dúdú rẹrẹ ti dúró sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Ratri, ẹ wá. Ẹ wá ka ohun tẹ́ ẹ kọ sẹ́yìn ọkùnrin yìí fún mi."

Wasisto tẹ̀ba, ó wò ó dáadáa. "Háà. Ó mà lẹ̀ ju ti orí bàbà lọ."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ ara yín ṣá?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí ayẹyẹ òmìnira tó dé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ. Lọ́jọ́ náà ládùúgbò wa, a máa ń sáré nínú àpò, a máa ń gun òpó tí wọ́n fi gírísì kùn, ṣùgbọ́n èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn. Òpópónà mẹ́ta ló ń figagbága: àwọn ará Òkè, àwọn ará Àárín, àwọn ará Odò. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ lásán ni wọ́n ń nà sókè. Òkè ní àwọn ló kọ́kọ́ nàwọ́, Odò ní irọ́ ni, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi abọ́ ìrẹsì ju ara wọn. Torí náà, nígbà tí Bàbá Hendarto pèpàdé pé kí la máa ṣe lọ́dún yìí, ta ló nàwọ́? Ọkọ Ìyá Ratri ni.

Àǹtí Tumini tó ń ta ìpékeré létí odò ló gbé ìròyìn náà wá fún Ìyá Ratri, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó rọ́nà sọ ọ́ tán. Ìgbà tí Wasisto máa fi wọlé, ìyàwó ẹ̀ ti dúró dè é.

"Ẹ tún ti lọ gbé wa sẹ́nu ayé."

"Ìyá Ratri, nǹkan kékeré ni. Bọ́tìnì mẹ́ta, iná mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ tiẹ̀, iná tiẹ̀ á tàn, ti àwọn tó kù ò ní lè tàn mọ́. Ó tán."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ fáwọn adìyẹ."

Wasisto bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà ẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, Bàbá Ratri. Tí nǹkan yẹn bá dójú tì wá lọ́jọ́ náà, tábìlì yín ń jáde nínú yàrá yẹn. Mo ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Wọ́n ní abọ́ omi pupa náà, àwọn á bá mi gbé e dànù lọ́fẹ̀ẹ́."

"O ti bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń kọjá."

Ọkùnrin tó fẹ́ràn tábìlì kan ju bẹ́dì ẹ̀ lọ, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i. Bí wọ́n bá kó tábìlì yẹn lọ, kí ló kù fún un? Stọ́ọ̀ sìgá.

Ló bá fara balẹ̀. Àṣìṣe kan wà tí gbogbo àwọn tó ń ṣeré yìí máa ń ṣe: tó o bá da ojú bébà dé bàbà, òsì á di ọ̀tún, bí ìgbà tó o wo dígí. Torí náà, o gbọ́dọ̀ ti yí àwòrán náà padà nínú kọ̀ǹpútà kó o tó lọ tẹ̀ ẹ́. Wasisto máa ń gbàgbé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi báírò kọ "YÍ I" sí àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀, ó yí i, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún wò ó. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà ní ìdojúkọ yunifásítì. Bọ̀ọ̀dá tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ mọṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ojoojúmọ́ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé irú àwòrán yẹn wá, tí wọ́n máa ń gbàgbé láti yí i, tí wọ́n á sì padà wá bú u. Torí náà, ó ti sọ ọ́ di àṣà: tó bá ti rí àwòrán ọ̀nà iná, á bá ọ yí i, kò ní bi ọ́ léèrè. Ó bá Wasisto náà yí i. Èyí tí wọ́n ti yí tún wá yí padà. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì gbowó ẹ̀.

Ìgbà tí omi pupa jẹ bàbà tán ni Wasisto rí i. Ó mú ṣíìpù dúdú, nǹkan kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá ihò mu. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ẹ̀rù bà á. Kó tún lọ òmíì mọ́ bàbà ńkọ́? Ó yọjú sí pálọ̀, ó rí Ìyá Ratri láàárín òkìtì aṣọ táwọn ọmọléèwé fẹ́ wọ̀ yan lọ́jọ́ òmìnira, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ má ronú ẹ̀."

Wasisto padà sẹ́yìn. Ìgbà yẹn lọpọlọ ẹ̀ wá ṣiṣẹ́: ó kúkú gbé ṣíìpù náà sí ìdí pátákó dípò orí ẹ̀. Ohun gbogbo bá ṣe rẹ́gí! Inú ẹ̀ dùn débi pé ó jó díẹ̀. Àmọ́ pátákó tó bá ti yí padà, gbogbo ẹ̀ ló yí o. Ibi tó yẹ kó jẹ́ ti Òkè ti di ti Odò. Nígbà tó ń so iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rántí, ó so wọ́n bó ṣe yẹ. Nígbà tó wá kan wáyà bọ́tìnì, inú ijó ló ṣì wà, kò rántí mọ́. Ó tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo wò, iná ẹ̀ tàn, ó pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀. Ti Àárín ló tẹ̀, torí Àárín lòun náà ń gbé. Ohun tó bá sì wà láàárín, ibi yòówù kó o yí i sí, àárín náà ló máa wà.

Ọjọ́ pé. Èrò kún gbọ̀ngàn bámú. Wasisto gbé àpótí ẹ̀ sórí tábìlì gíga, ó sì bẹ Bàbá Hendarto pé kó bá òun kìlọ̀ fáwọn èèyàn, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà òun. Bàbá Hendarto gba makirofóònù.

"Ẹ gbọ́ o! Lọ́dún yìí, kò síjà. Ẹ̀rọ yìí ni adájọ́. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan wáyà ẹ̀, ì báà jẹ́ Ẹnjinníà fúnra ẹ̀, ojooro ló fẹ́ ṣe, a ó lé òpópónà ẹ̀ jáde!"

Ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Àríwá Sulawesi? Ọ̀gá Yudhanto, tó ti fẹ̀yìn tì ní báńkì, tó ń ṣojú fáwọn ará Òkè, gbá bọ́tìnì ẹ̀ mọ́lẹ̀ gbàà. Iná àwọn ará Odò ló tàn.

Àǹtí Tumini tó ń ṣojú Odò ń jẹ ìpékeré lọ́wọ́ ni. Ó wo iná. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Odò, ẹ dáhùn!" ni Bàbá Hendarto wí.

"Èmi? Èmi ò... Manado?"

"Ó gbà á!"

Ariwo sọ. Ọ̀gá Yudhanto dìde. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀."

Wasisto ti mọ̀. Kí ìpékeré tó kù lẹ́nu Àǹtí Tumini tó wọlé ló ti mọ̀. Wáyà méjì péré ni kó gba ipò ara wọn, kò ju kéèyàn sín lọ. Ó na ọwọ́ díẹ̀. Gbogbo ojú nínú gbọ̀ngàn yí sí ọwọ́ yẹn. Ó fi họra lọ́rùn. Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Ratri dúró, ó káwọ́ mọ́ àyà.

Ìbéèrè kejì, àwọn ará Àárín tẹ̀ ẹ́, iná wọn tàn, wọ́n dáhùn, wọ́n kùnà. Tiwọn nìkan ni ò lábùkù, ẹ̀yìn ni wọ́n sì wà títí tí ìdíje fi parí. Ìbéèrè kẹta le bí òkúta, nípa òfin owó orí. Àǹtí Tumini tẹ bọ́tìnì, ó kàn fẹ́ wò ó ni. Iná àwọn ará Òkè tàn. Ó wo iná yẹn, ó wo Ọ̀gá Yudhanto, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í là lójú obìnrin náà díẹ̀díẹ̀.

"Òkè, ẹ dáhùn!"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan!"

"Ọ̀gá, ẹ fèsì jàre," ni Àǹtí Tumini wí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kàwé."

Kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà yẹn lọ, tí ìbéèrè bá ti le, Tumini á tẹ̀ ẹ́ fún un bí ẹni ń fi òkúta ránṣẹ́. Àmọ́ ọ̀gá báńkì náà kì í ṣe òpè. Nígbà tí wọ́n béèrè nípa bọ́ọ̀lù àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè, òun ló sáré tẹ̀ ẹ́, iná Odò tàn. "Ẹ gbà, Àǹtí! Ẹ bá mi fi ìyẹn jẹ ìpékeré!" Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Àwọn àgbà ń lu ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn méjì yìí ò kí ara wọn títí oṣù Kejìlá.

Ni ẹnìkan bá kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ jàre! Adìyẹ ló ṣe é fún!"

Wasisto dìde. Ó ń wo Ìyá Ratri, ó ń rí tábìlì ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń ra irin. "Ẹ̀yin ará àdúgbò," ó ní, "òótọ́ ibẹ̀ ni pé..."

"Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ní kó ṣe é!" Bàbá Hendarto ti já a gbà. Àbí kí ẹni tó ní ẹ̀rọ kan ni adájọ́ wá jẹ́wọ́ pé orí adájọ́ dàrú? "Òfin tuntun ni! Tó o bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀tá ẹ lò ń bi ní ìbéèrè. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lóye ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará Àárín, ẹ ò lóye títí di báyìí, ojú á tì yín! Ẹnjinníà, jókòó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n máa pè é ní Ẹnjinníà láìrẹ́rìn-ín, ohun tí kò ṣe ni wọ́n sì ń kí i fún.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ratri bọ́ bàtà ẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Bàbá Ratri, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kó rí lóòótọ́?"

"Kí lo rò?"

"Adìyẹ ni mo rò."

Wasisto wolẹ̀. Obìnrin náà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe, ó di ara ògiri mú. "Ojú Yudhanto!" ló ń wí. "Ẹ rí ojú Yudhanto?" Ìgbà tó mí kanlẹ̀, ó nu ojú. "Ó dáa. Tó bá dójú tì wá ni mo sọ. Kò dójú tì wá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù mi nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ bébà yín, èmi ni mo máa lọ̀ ọ́."

Kò pẹ́, àwọn ará òdìkejì afárá wá ní kó ṣe irú ẹ̀ fáwọn. Wasisto rò pé ìgbà nìyí. Ó ṣe é kó pé pérépéré, kò sí wáyà kan tó kọ ojú síbi tí kò yẹ. Ó gbé e lọ pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, iná ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tàn. Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹnjinníà, eléyìí ti bàjẹ́ o. Ẹ lọ bá wa tún un ṣe."

Bó ṣe gbé e padà wálé nìyẹn. Ó tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó tún gba bébà tuntun. Ìyá Ratri gbé áyọ́ọ̀nù àtijọ́ kan kaná, ó da bébà dé bàbà, ó lọ̀ ọ́ nílọ̀ tí Wasisto ò lè lọ̀ láé, kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó yẹ̀.

"Ṣé èyí tó dáa lẹ ní kí n lọ̀," ló béèrè, "àbí ti adìyẹ?"

Wasisto wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀. Kò kọ nǹkan kan.

"Ti adìyẹ," ó ní. "Rọra o, má jẹ́ kó wọ́."