Irú Tí Mo Gbé Lọ sí Kalba

Òórùn irú ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò ní àjà tí a ń gbé ní Al Qasimia, ní Sharjah, láyé ìgbà tí àwa oníṣòwò Èkó ń wọ́ lọ sí Dubai bí ẹni ń lọ ọjà àdúgbò. Kí o tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà mi ni wàá ti mọ̀ pé ọbẹ̀ wà lórí iná. Aṣọ ni mo wá rà ní ìlú náà, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé búrẹ́dì àti tíì ni àwọn èèyàn wa fi ń tan ikùn wọn jẹ ní ọjà Naif ní Deira, mo gbé ìkòkò kaná. Mo ń se ẹ̀gúsí, mo ń se ọbẹ̀ ilá tí irú wọ̀ dáadáa, mo ń ro ẹ̀bà, mo ń di gbogbo rẹ̀ sínú kúlà gbé lọ bá wọn ní Deira lọ́sàn-án. Ẹni tó ti ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù ṣe dúnàádúrà láti àárọ̀, bó bá ti ṣí kúlà yẹn, ojú rẹ̀ á walẹ̀. Irú ọ̀hún, ìyá mi ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nílé, tó ń sá a, tó ń fi rán ẹni tó bá ń bọ̀.

Àfi ìgbà tí àwọn ará ilé fi òórùn ọbẹ̀ mi sùn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé wa, tí wọ́n ń pè ní nátùr, ló wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ó sì ti fọwọ́ bo imú kí n tó ṣí i tán. Ó ní onílé ti gbọ́, pé bó bá di Sátidé tí òórùn yẹn ṣì ń jáde, kí n kó ẹrù mi. “Smell khalas, or madam khalas,” bó ṣe wí nìyẹn, pé kí òórùn tán nílẹ̀ tàbí kí èmi tán níbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Inú bí mi. Ilé kan náà tí wọ́n ti ń dín àlùbọ́sà àti masala láti ìdájí, tí n kò bá ẹnikẹ́ni jà!

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní Naif, Àlàájà tó ń kó léèsì, tó ti ń wọ Dubai kí n tó ní páásípọ́ọ̀tù. Òun ni gbogbo wa ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Mo rò pé yóò bá mi bínú sí wọn ni. Kò bínú rárá.

“Àbúrò mi, just cook rice and chicken, jọ̀ọ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Má jẹ́ kí àwọn Lárúbáwá máa fojú ẹlẹ́gbin wò wá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fìka nu àwo lánàá ńkọ́?”

“Ìyẹn ò sí níbẹ̀ o. Throw that irú away.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti nátùr lọ. Àjèjì ò mọ̀, a ò lè bá a wí. Àmọ́ Àlàájà mọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń se hóró igi igbá kó tó rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bó èèpo rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n á dì í mọ́lẹ̀ kó lè yọ òórùn tirẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí mo bá ju irú yẹn nù nítorí nátùr, ọwọ́ òsì wo ló tún kù tí n ò fi júwe ilé ìyá mi?

Awakọ̀ tó ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó ẹrù wa lọ sí kágò, bàbá kan láti Peshawar tí a ń pè ní Chacha, wà nídìí wa nígbà tí a ń fà á. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Madam, this country people also eat smell food. Very smell! Friday I show you.” Àlàájà ní òun á tẹ̀ lé wa, pé òun fẹ́ ra dàbínù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín gan-an. Irọ́ ni. Ó fẹ́ wo ibi tí màá ti gba ìtìjú bọ̀ ni. Èmi náà di irú díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo fi í sínú báàgì ọwọ́ mi. Bí wọ́n bá máa dá ẹjọ́ irú, ó yẹ kí irú wà níbẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há mọ́ra wa níwájú ọkọ̀ láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, a fi ilé gogoro sílẹ̀, iyanrìn pupa sì gba ọ̀tún gba òsì. Ní tòsí Al Dhaid, Chacha yà sí oko dàbínù bàbá kan tó mọ̀. Yàrá kékeré kan ni bàbá náà mú wa wọ̀, ó ṣókùnkùn, ó sì móoru. Wọ́n to àpò dàbínù lórí ara wọn dé òkè àjà, wọ́n sì la ojú àgbàrá tẹ́ẹ́rẹ́ sí ilẹ̀ lábẹ́ wọn. Àpò tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, omi dúdú tó dùn ń sun jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń gba ojú àgbàrá lọ sínú ìkòkò. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Bàbá yẹn ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ fún wa, Àlàájà sì jẹ tirẹ̀ tán, ó wo tèmi.

Nígbà tí ọkọ̀ ti ń pọ́n òkè lẹ́yìn Masafi, a bá ọkùnrin olóyin kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó to ìgò rẹ̀ sórí òkúta. Aṣọ rẹ̀ ń rùn fún èéfín, ojú rẹ̀ kan sì wú tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Inú ihò àpáta ló ti rẹ́ oyin náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àlàájà ní kí Chacha bi í bóyá bí oyin ṣe ta á lójú yẹn ò dùn ún ni. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ ronú. “He say, bee do bee job. He do his job.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ èmi ò tíì fojú rí ẹni tó jẹ oyin inú àpáta rí, àfi ọjọ́ yẹn.

Kí a tó rí òkun ní Kalba, níbi tí Chacha ń mú wa lọ, ni òórùn ti pàdé wa. Ẹja wẹ́wẹ́ tẹ́ lọ bẹẹrẹ lórí iyanrìn, oòrùn ń gbẹ ẹ́. Ìyá àgbà kan, tó fi ìbòjú líle tó ń dán bo imú àti ẹnu gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbàlagbà obìnrin wọn, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé rẹ̀ nídìí àwọn ìgò ńlá tó tò sínú oòrùn. Ẹja àti iyọ̀ ló wà nínú wọn, pẹ̀lú àwọn èso olóòórùn tó lọ̀ mọ́ ọn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kan níbẹ̀. Ó ṣí ọ̀kan. Irú jẹ́ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó jáde! Àlàájà fa gèlè bo imú kíá.

Ìyá náà ń tẹ́ búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí irin gbígbóná. Ó da omi ẹja yẹn lé e, ó ká a, ó nà án sí mi. Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni adùn kan tẹ̀ lé e, adùn tó wúwo, tó sì jinlẹ̀, àfi bí ìgbà tí mo bá dúró sí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Ó ká òmíràn. Àlàájà na ọwọ́ kan, ó fi ìkejì di gèlè mú. Ìyá àgbà fa búrẹ́dì rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wò ó. Ìgbà tí gèlè kúrò nímú ló tó fún un.

Mo yọ irú mi jáde. Ìyá náà ká ìbòjú sókè díẹ̀, ó gbé e sí imú, orí rẹ̀ fò sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀, Chacha sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. “She say yours more bad!” Síbẹ̀ ó bù ú, ó fi í sí búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, mo rí i lójú rẹ̀. Àmọ́ ó gbé e mì, kò tu ú.

Mo ní kí Chacha ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nátùr àti Sátidé fún un. Ìyá náà ní ọmọ òun ọkùnrin ń gbé Sharjah, ìyàwó rẹ̀ sì ti ní kí ìgò yẹn má dé ilé àwọn mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni ìyá náà ń gbé e lọ, àárín oúnjẹ ló sì ń gbé e sí. Ẹni tí kò bá fẹ́, ìta ń bẹ. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí irú mi, ó bèèrè nǹkan, mo sì rí i pé ẹni tó ṣe é ló ń bèèrè. Mo ní, “Mama. My mama.”

Ó sọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe Chacha ló túmọ̀ rẹ̀. Àlàájà, tó ti gbọ́ èdè Lárúbáwá díẹ̀ nídìí òwò, ni, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “Ó ní ìyá ẹ ló ṣe é. Ó ní kí lo tún ń bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn?”

Nígbà tó di Sátidé, mo se ọbẹ̀ ilá, mo rọ irú sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nátùr dé. Mo ní kó lọ sọ fún onílé pé oúnjẹ ìyá mi nìyí, kò ní khalas. Wọ́n lé mi lóòótọ́, n ò ní purọ́ fún ọ. Mo kó lọ sí yàrá kan nínú ilé àtijọ́ tó ní àgbàlá, ọ̀dà ògiri rẹ̀ ń bó, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí Chacha wá kó ẹrù, ìkòkò ọbẹ̀ ṣì gbóná, kò sì síbi tí a máa gbé e sí. Àlàájà gúnwà síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú léèsì funfun rẹ̀, ó ní, “Gbé e fún mi. Yalla, ó yá, kó tó tutù.” Itan rẹ̀ ló gbé e lé títí a fi débẹ̀. Epo ta sí léèsì yẹn, kò sì sọ ọ́ sí mi létí títí dòní.

Ọmọ mi obìnrin ló wà ní Dubai báyìí, ní Jumeirah Lake Towers, nínú ilé onídígí gíga. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kí i, ó pè mí. “Mọ́mì, please, ẹ má gbé irú bọ̀ o. My neighbours go complain.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì lọ di irú kí n tó di aṣọ kankan. Kì í ṣe pé mo rò pé gbogbo ayé á fẹ́ràn òórùn wa. Ìyá Kalba gan-an ò fẹ́ràn tèmi. Ó kàn mọ̀ pé ohun tí ìyá ẹni bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, a kì í tọrọ àyè kí a tó jẹ ẹ́.

Mo se ọbẹ̀ náà, mo gbé e sí àárín tábìlì rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo èmi. “Mọ́mì, bí wọ́n bá wá kanlẹ̀kùn ńkọ́?”

Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ṣe é.