Igi Tí A Fi Ń Gbé Omi ní Òkè Àrẹ̀mọ

Èjìká òsì mi ṣì mọ ìwúwo igi yẹn. Igi gbọọrọ ni, ó ti dán nítorí ọwọ́ àti òógùn, okùn ọ̀rá kan sì máa ń wà ní àárín rẹ̀ tí a fi ń so kẹ́ẹ̀gì omi ńlá rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á gbé orí igi kan lé èjìká níwájú, èmi á gbé èkejì lé èjìká lẹ́yìn, a ó sì máa gun Òkè Àrẹ̀mọ bọ̀ láàárọ̀ kùtù kí n tó lọ sí ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo sì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ̀ pé mo gọ̀.

Bàbá mi ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí ó ku ọdún méjì kí n jáde ní girama, ìyá mi rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun. Àwọn arúgbó ló lọ ń tọ́jú níbẹ̀: ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń gbé wọn dìde, ó ń gbé wọn sùn. Ó wá fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Àrẹ̀mọ. Tísà ilé ìwé ìjọ ni ẹ̀gbọ́n náà kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Tísà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká. Ilé bàbá wọn tó ń gbé ní yàrá mẹ́jọ, ṣùgbọ́n àwọn mọ̀lẹ́bí ti kó lọ sí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú, wọ́n fi òun àti aláǹgbá sílẹ̀. Èmi ni mo wá di ẹnì kẹta wọn.

Kò ṣìkà sí mi o. Ọ̀rọ̀ ni kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àdúrà àárọ̀, "Ṣé o sùn dáadáa?", omi, ẹ̀kọ, ilé ìwé. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, màá bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́ rédíò, a ó jọ jẹun, a ó sì jọ dákẹ́. Nílé ìwé, láti kékeré ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti jọ wà, wọ́n ti mọ ara wọn tán, kò sí àyè àlejò lórí bẹ́ǹṣì wọn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìyá mi máa ń pè, ojú rẹ̀ á sì máa dúró gbagidi nínú fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dàrú. Mo dá wà débi pé mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ sókè, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn ènìyàn nínú yàrá.

Ẹ̀rọ omi ilé náà ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi, kànga ìjọ tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè la ti ń pọnmi. Dókítà ti kìlọ̀ fún Màmá Tísà pé kò gbọdọ̀ ru ẹrù sórí mọ́ nítorí egungun ọrùn rẹ̀. Èmi ẹ̀wẹ̀, ilé tí omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ni mo dàgbà sí, n kò mọ omi rù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, omi náà wẹ̀ mí láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké sì fi mí ṣe ìran wò. Ìgbà yẹn ni màmá lọ wá igi. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A ó jọ máa gbé e ni." Nítorí pé òun ló ń lọ níwájú, tí ọ̀nà sì ga lọ sókè, okùn máa ń yọ̀ wá sẹ́yìn, gbogbo ẹrù á wá di tèmi. Bó ṣe ṣàkíyèsí rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó gbẹ́ àárín igi náà wọnú díẹ̀ kí okùn lè máa jókòó síbẹ̀, kí ẹrù náà lè pín dọ́gba fún wa. N kò tilẹ̀ dúpẹ́, mo rò pé ẹ̀tọ́ mi ni.

Físíìsì nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn. Olùkọ́ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bínú, kò ní irinṣẹ́ kankan. Ṣọ́ọ̀kì, igi ìgbálẹ̀ àti omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ló fi ń kọ́ wa. Lọ́jọ́ kan, ó so àárín igi ìgbálẹ̀ rọ̀ lójú fèrèsé, ó so ọ̀rá omi méjì sí apá kan, ó so ẹyọ kan sí apá kejì. Igi náà tẹ̀ síbi tí méjì wà. Ó wá rọra ń ti ọ̀rá méjì náà sún mọ́ àárín, díẹ̀díẹ̀, títí igi fi dúró déédéé. Ó ní bí ẹrù ṣe wúwo tó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀, ibi tó wà lórí igi náà ń bẹ nínú ìṣirò. Tí ènìyàn méjì bá fi igi gbé ẹrù, ó ní, ẹni tí ẹrù bá sún mọ́ jù ló máa ru èyí tó pọ̀ jù. Ìdajì kíláàsì ń tòògbé. Ní tèmi, ńṣe ni mo dìde jókòó bí ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mo fi ìmọ̀ náà ṣe. Èmi ni mo máa ń so kẹ́ẹ̀gì mọ́ igi nígbà tí màmá bá ń sinmi lẹ́bàá kànga. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sún okùn kúrò lójú ibi tó gbẹ́, mo sún un síwájú sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Kó má baà yọ̀ padà wá bá mi, mo fi àkísà wé igi lábẹ́ okùn, nítorí olùkọ́ ti kọ́ wa pé ohun tó bá rí hákahàka máa ń di nǹkan mú ju ohun tó dán lọ. Ẹ̀yìn ni màmá kọ sí mi, kò lè rí i. Bí a ṣe gbé e báyìí, èjìká mi fúyẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo! Ìwé kì í purọ́! Inú mi dùn débi pé n kò rántí bi ara mi léèrè pé ibo ni ìyókù ẹrù náà lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, àtẹ́lẹwọ́ kan ti di méjì.

Màmá Tísà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà ni. "Dúró ná, ọmọ àbúrò mi," á gbé ọwọ́ lé orókún, á mí sókè, á mí sílẹ̀, a ó sì tún máa lọ. Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Èmi gun orí ìwé, n kò rí nǹkan kan.

Ìyá mi ti ṣèlérí pé òun á wá ṣe Kérésì. Ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù kẹwàá, ó pè, ó ní ibi iṣẹ́ kò fún òun láyè. "Má bínú, ọmọ mi, ó di ọdún tó ń bọ̀." Màmá Tísà ní kí n fara balẹ̀, ó ní ohun tó pẹ́ kì í ṣe ohun tó kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí màá bínú sí. Ẹni tó wà níwájú mi ló sún mọ́ mi jù. Mo sún okùn náà ní àtẹ́lẹwọ́ kẹta.

Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. A dúró lẹ́ẹ̀kan, a dúró lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a fẹ́ yà sójú ọ̀nà ilé, orókún rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ wìì, igi bọ́, kẹ́ẹ̀gì ń yí gbiri lọ sísàlẹ̀. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa sáré jáde, àwọn ará ilé kejì náà jáde. "Yéè! Màmá Tísà! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ń wo igi náà nílẹ̀, àkísà ṣì wà lára rẹ̀, gbogbo ayé lè rí i. Màmá na ọwọ́, ó fa igi náà mọ́ra bí ẹni fẹ́ fi dìde, ó sì tú àkísà náà. Ó fi nu ẹrẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tì í bọ abẹ́ ìró rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀," ó ní fún wọn, "òkúta ni mo tẹ̀." Ó wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló pa mí. "Má sunkún. Lọ mú kẹ́ẹ̀gì yẹn kó tó wọ gọ́tà."

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìlọrin, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró parí ilé ìwé. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà yàrá iwájú ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jáde lọ sí Ọjà'ba, kò sì sí ẹni tó ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ dá omi pọn fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá mẹ́rúwà tó ń pọnmi tà ládùúgbò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì. Ó ní Màmá Tísà ti bá òun ṣètò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ní, "Máa gbé omi lọ fún ọmọ mi láràárọ̀." Ọmọ mi, ohun tó sọ nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Orí ooru la wà nínú Físíìsì nígbà náà. Olùkọ́ ní ooru kì í fúnra rẹ̀ kúrò níbi tútù lọ síbi gbígbóná láé. Ó ní ohun kékeré máa ń tètè tutù ju ohun ńlá lọ. Mo mọ ìyẹn láìsí pé ó kọ́ mi. Ìkòkò ògì ẹlẹ́ni méjì máa ń gbóná títí a ó fi gbàdúrà tán. Ti ẹlẹ́nìkan tí mo ń dá sè, kí n tó wá ṣíbí, ó ti ń dì. Bí màmá bá pè láti Ìlọrin, á ní, "Ṣé ẹ ti kà á dé ibi ooru?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ọ̀rọ̀ igi náà á wá dé ẹnu mi, á dúró síbẹ̀, màá ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà," á sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá, ìbéèrè kan ní ènìyàn méjì fi igi gbé ẹrù, ó ní kí a wá iye tó wà lórí èjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ń wò ó, omi ń dà lójú mi. Olùṣọ́ ìdánwò rò pé n kò mọ̀ ọ́n ni, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Fò ó, lọ sórí òmíràn." N kò fò ó. Mo gbà á láìkù síbì kan, mo sì yege lọ́nà tí gbogbo ilé ìwé fi mọ orúkọ mi ní ọjọ́ tí mo ń lọ.

Èmi náà ti di olùkọ́ Físíìsì báyìí. Ọdún lé ní mẹ́wàá ni mo fi ń sọ pé n ó jẹ́wọ́ fún un, mo sì ń lọ kí i lọ́dọọdún pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn dípò ọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo mọ́kàn le. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má fi ṣe ìbínú o, Màmá ti ń gbàgbé ènìyàn." Mo bá a lórí àga, ó mọ́ tónítóní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará ilé ń bọ̀."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọmọ kan, ìyá àgbà kan, igi, okùn, òkè. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ bí tísà ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ilé ìwé.

"Ọmọ ọdún mélòó lọmọ náà?"

"Mẹ́rìndínlógún, mà."

"Ọmọdé ni." Ó mi orí. "Ṣùgbọ́n ìyá yẹn mọ̀ o. Ẹrù kì í wúwo sí i léjìká ènìyàn kó má mọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó rí i pé ó ti rẹ ọmọ náà ni. Ṣé ó ti lọ bẹ̀ ẹ́?"

Mo ní ó ń gbìyànjú.

Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń fọwọ́ pa á bí a ṣe ń tu àlejò nínú. "Ẹ bá mi sọ fún un kó tètè lọ. Àwa àgbà, a kì í pẹ́ nílé."

Oṣooṣù ni mo ń lọ sí Ìlọrin báyìí. Màá kúnlẹ̀, màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà mìíràn, àánú ọmọ náà á ṣe é; nígbà mìíràn, á rẹ́rìn-ín nítorí ọgbọ́n rẹ̀. Kò sí ìgbà tí n óò dìde tí kò ní ní kí n sọ fún ọmọ náà kó yára.