Wọ́n Ní Àwọn Ti Sọ fún Àbúrò Mi

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ku díẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà ní ọ́fíìsì náà: èmi, obìnrin Ikwerre tó ń bójú tó tẹ́ńdà, àti káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Rumuomasi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Èmi àti káfíńtà yìí, pẹ̀lú àwọn mìíràn, la jọ ń du iṣẹ́ bẹ́ńṣì ilé-ìwé ìjọba kan ní Abuloma.

Mo ti dàgbà kí n tó kàwé, nítorí náà mo máa ń ka ìwé tẹ́ńdà délẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé aago mẹ́wàá ni wọn yóò ṣí àpótí tí a ju ìwé iye owó wa sí, níṣojú gbogbo wa. Mo bá àpótí ní ṣíṣí, ó ṣófo. Obìnrin náà ní àná ni ọwọ́ ọ̀gá àwọn dilẹ̀, àná náà ni wọ́n sì ṣí i. Mo bi í pé ta ló sọ fún mi.

"Oga, I don tell your broda."

Ó nawọ́ sí káfíńtà náà. Lójú tirẹ̀, Yorùbá méjì ní Port Harcourt, inú ilé kan ni wọ́n ń sùn. Kò mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti fi ìwé sílẹ̀, ìkíni lásán ló kù láàárín wa, kí iye owó má baà bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mo wo àbúrò mi. Ó ń wo àjà.

"O gbọ́, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá sọ fún yín, ṣé ẹ ò ní í wá ni?"

Obìnrin náà ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, ṣùgbọ́n onípákó tó ń bá mi tọ́jú igi ti ní bí òun ò bá gbúròó mi títí di ọ̀sán Ẹtì, òun á tà á fún ẹlòmíràn. Mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi já sí. Mo sọ fún obìnrin náà pé níbi ìsìnkú ìyàwó mi, àbúrò mi ni ọkùnrin yìí. Nídìí tẹ́ńdà, a ò bá ara wa tan.

"Ẹ̀yin lẹ gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ pè mí."

Ó wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ó ní aago mẹ́sàn-án ọ̀la ni wọn yóò tún iye owó gbogbo wa kà sókè. Ó pe àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, fóònù dún lápò mi. Òun náà ni. Ó ní kí n gbé e, ó sì sọ fún mi lórí fóònù, lójúkojú, pé kí n wá lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iwájú ni mo jókòó sí. Wọ́n ka tèmi, wọ́n ka ti àwọn yòókù. Àbúrò mi ni wọ́n fún níṣẹ́. Mo kí i kú oríire, mo jáde síta, mo sì pe onípákó pé kó máa ta igi rẹ̀.