Kókóró Tó Jóná Díẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Ìlarò, èéfín agbada Màmá kì í lọ sókè. Ńṣe ló máa ń rọra rìn nílẹ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Inú èéfín yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìkànnì síwájú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbóòórùn àgbàdo nínú òróró gbígbóná, ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń tẹ̀ sínú fóònù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Kókóró ni Màmá ń dín. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti gaàrí ni wọ́n ń fi ṣúgà pò, wọ́n á yí i lórí pátákó títí tó fi máa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, wọ́n á wá dín in títí tó fi máa le. Nígbà gbogbo ni àwọn kan máa ń pẹ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, tí orí wọn á dúdú. Àwọn tó ń dín kókóró ládùúgbò wa máa ń dà wọ́n fún adìẹ. Màmá kì í dà á. Inú ike kan ni wọ́n ń kó o sí, bó bá pẹ́ wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ti àbúrò mi ọkùnrin ni. Láti kékeré, èyí tó jóná ló máa ń ṣà jẹ.

Àbúrò mi ti kọjá sí ọ̀hún. Ọ̀hún lẹ́nu wa ni ibikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ Faransé. Ó gba ọ̀nà Ifọ́nyìntẹ̀dó létí ààlà lọ lẹ́yìn tó ta ọ̀kadà Bàbá láìgbàṣẹ, Bàbá sì búra pé ojú àwọn ò gbọdọ̀ rí i nínú ilé mọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń pe Màmá ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n jí fóònù Màmá lọ́jà, nọ́ńbà wọn bá a lọ, tàbúrò mi náà sì bá a lọ. Bàbá ti kú báyìí. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ti dárí jì í, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá wa sọ fún un? Ohun tó ń jẹ Màmá lọ́kàn nìyẹn, pé ọmọ wọn wà níbì kan tó ń rò pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Èmi ni mo dábàá ìkànnì. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ní ká máa ta kókóró lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Màmá ní, "Ṣé ẹni tó wà lọ́hùn-ún náà á rí i?"

Mo ní, "Màmá, ẹni tó wà níbi gbogbo ló máa rí i."

"Ó dáa. Ṣe é."

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìkànnì náà jáde, kò sẹ́ni tó rí i. Bí èèyàn bá pàtẹ ọjà sí ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, ta ló fẹ́ rà á? Mo ṣí ẹ̀rọ tó máa ń báni wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ kókóró nìkan síbẹ̀, onírúurú nǹkan tí kò kan àgbàdo ló jáde. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò tó. Odindi gbólóhùn tó wà lọ́kàn ẹni tó ń wá nǹkan lèèyàn ní láti kọ sójú ìwé. Mo kọ "ibi tí wọ́n ti ń ta kókóró ní Ìlarò." Mo kọ "kókóró Yewa tó le dáadáa." Bí mo bá tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, màá rí àwọn gbólóhùn yẹn bí èrò ọjà, tí wọ́n ń bọ̀ láti Ayétòrò, tí wọ́n ń bọ̀ láti ìdí ààlà nínú kùrukùru, tí wọ́n ń yà sílé onílé, tí wọn ò yà sí tiwa. Màá jí, ìyẹ̀fun á ti bà lé kọ̀ǹpútà mi.

Lọ́jọ́ kan, Màmá wá dúró lẹ́yìn mi. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí tó jóná díẹ̀ wà nílẹ̀."

"Màmá! Ta ló ń wá kókóró tó jóná? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ẹ ò mọ̀ ọ́n dín ni?"

"Ẹni tó ni ín á mọ̀."

"Ẹ ò wá jẹ́ kí n kúkú kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, ká ní kó máa bọ̀ wálé."

"Kí n gbé orúkọ ọmọ mi sójú títì, kí gbogbo ayé máa bi í pé kí ló ṣe?"

Inú bí mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ bí. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sọ lẹ́tà ẹ̀ di kékeré.

Ọ̀rọ̀ wá kan línkì, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbé èèyàn láti ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀rọ yẹn kì í gba ẹnu onísọ̀ nìkan gbọ́, ó fẹ́ kí àwọn ìkànnì mìíràn náà júwe rẹ. Sùúrù mi ò tó, ni mo bá lọ ra línkì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí n ò rí sójú rí. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ àtàwọn tó ń ta bàtà nílùú òkèèrè ti ń júwe kókóró Màmá. Ẹ̀rọ náà rí i pé ẹ̀tàn ni, kò pẹ́ tí a fi pòórá. Kódà bí mo bá tẹ orúkọ ìsọ̀ wa gan-an, a ò sí níbẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọ kékeré.

Màmá bi mí pé, "Àwọn tó ń júwe wa yìí, ṣé wọ́n ti jẹ ẹ́ rí?"

"Rárá."

"Wọn ò tọ́ ọ wò, wọ́n wá ń júwe ẹ̀. Èmi gan-an ò ní gbà wọ́n gbọ́."

Lọ́dọ̀ wa, kókóró àgbàdo titun kì í dé ọjà kó tó dé ilé aládùúgbò. Èyí tí a bá kọ́kọ́ dín, ńṣe ni a ń gbé e káàkiri ilé, a ò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ohun tí Màmá ní kí n ṣe nìyẹn. Mo kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó má ka àwọn línkì tí mo rà yẹn mọ́ wa. Lẹ́yìn náà, Màmá di kókóró sínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà lọ láàárín àwọn igi tíìkì, kùrukùru bo ọ̀nà débi pé mi ò mọ̀ bóyá à ń lọ tàbí a dúró. Mo gbé e fún ìyá kan ní Ìlobì tó ń ta gaàrí lórí ìkànnì tiẹ̀, mo gbé e fún tíṣà kan ní Ìhunbọ́ tó máa ń kọ̀wé nípa oko wa, mo sì gbé e fún obìnrin oníṣòwò kan ní Ifọ́nyìntẹ̀dó tó ń fi Faransé kọ̀wé sí àwọn oníbàárà ẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò béèrè nǹkan kan. Ìtìjú fẹ́ pa mí.

Ẹnu tó jẹ kókóró Màmá ò dákẹ́. Kálukú kọ tẹnu ẹ̀, wọ́n sì fi línkì wa sí i. Obìnrin Ifọ́nyìntẹ̀dó tilẹ̀ tú ìlà èyí tó jóná tó wà nísàlẹ̀ yẹn sí Faransé. Mo ní kó yọ ọ́, ó ní ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ òun nínú jù.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A kúrò lẹ́yìn, a dé àárín, a dé ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ náà. Àwọn oníbàárà ń pè láti Abẹ́òkúta. Màmá ń dín, wọ́n ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń bi mí láràárọ̀: "Ṣé wọ́n ti wá a lọ́hùn-ún?"

Ẹ̀rọ náà máa ń fi ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí wa hàn mí, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ọ̀kan láti ọ̀hún. Yorùbá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: "kókóró tó jóná Ìlarò." Mo pe Màmá, mo kà á fún wọn, wọ́n ní kí n tún un kà.

"Òun ni," ni wọ́n wí.

"Màmá, ẹ̀rọ yìí kì í sọ orúkọ. Ó lè jẹ́ ẹlòmíì."

"Ta ló tún ń wá kókóró tó jóná?"

Mo tún nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ìkànnì wò bóyá ó pé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nọ́ńbà kan láti ọ̀hún pe fóònù ṣọ́ọ̀bù. Mo ní hẹ́lò, ẹni náà ò sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ èémí ẹ̀ nìkan. Mo sáré gbé e fún Màmá nídìí agbada. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró wọn, wọ́n gbé e sétí, wọn ò béèrè pé ta ni.

"Bàbá ẹ ti dárí jì ẹ́ kí wọ́n tó lọ," ni wọ́n wí. "Tìẹ ṣì wà nínú ike. Mi ò tà á."