Búta Ọ̀gá Mi

Bí mo bá ti rí búta aláwọ̀ ewé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wẹ́dà ní Dópẹ̀mú ni mo máa ń rántí. Bí a bá ń kírun ní ṣọ́ọ̀bù, tí ìtọ̀ bá kán sí wọn láṣọ, wọ́n á yọ kúrò lórí sáfù, ìlà tí a tò sí kírun, lójú gbogbo wa, wọ́n á gbé búta wọn, wọ́n á lọ tún àlùwàlá ṣe. "Ara mi ni, mi ò jí i," ni wọ́n máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń da omi sẹ́sẹ̀, mẹkáníìkì onírùngbọ̀n kan tó ń kọjá lọ ní, "Ọ̀gá, ẹ tọrọ àforíjì. Ìṣekúṣe ìgbà èwe ló ń bá yín jà."

"Ìṣekúṣe wo? Kókó kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin. Họ́mọ́ọ̀nù, èròjà ara tó mú irùngbọ̀n rẹ hù, ló ń bọ́ kókó náà. Tèmi ti yó jù, ó wú, ó fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa. Oògùn tí dókítà fún mi ló ń dín oúnjẹ rẹ̀ kù."

"Tó bá wá dín agbára ọkùnrin yín kù ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ló rán ọ níṣẹ́ ni? Irùngbọ̀n tìrẹ ti dé àyà. Yáa lọ ra búta."

Wọ́n padà sórí sáfù. Iwájú gan-an ni wọ́n dúró sí.